Bóòtù mẹ́rin wọlé, méjì kọ̀ jálẹ̀: bọ́rọ̀ pléètì kan ṣe lọ n'Íbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ pléètì yìí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ti ń sọ ohun tó wù wọ́n. Àwọn kan ní ọmọ-iṣẹ́ ló ba iṣẹ́ ọ̀gá ẹ̀ jẹ́, àwọn kan ní ẹnjiníà tó gbé iṣẹ́ wá ló fẹ́ fọgbọ́n jẹ owó oníṣẹ́, àwọn tó mọ̀wé jù nínú wọn tún ní CMM, ẹ̀rọ oní-kọ̀ǹpútà tó ń fi abẹ́rẹ́ kan ara iṣẹ́ láti wọ̀n ọ́n, kì í parọ́, nítorí náà Bàbá tọ́nà, oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀tì tó ṣe pléètì náà, ló jẹ̀bi. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ tán nínú ẹ̀.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìẹ lápá Olúyọ̀lé, ilé bẹ́ríǹgì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ti jẹ, wọ́n ra tuntun láti òkè òkun, tuntun ò wá bá ara ẹ̀rọ àtijọ́ mu, ó di dandan kí pléètì kan wà láàárín tó máa so méjèèjì pọ̀. Irin ni pléètì yẹn, ó nípọn 25 mm, ihò ńlá kan wà láàárín ẹ̀ tí ọrùn ilé bẹ́ríǹgì máa wọ̀, ihò mẹ́fà tó ní tírẹ́ẹ̀dì M10 (ti bóòtù tí ìdábùú ẹ̀ jẹ́ 10 mm) wá yí i ká lórí òbìrí 160 mm, wọ́n fi 60 dígírì jìnnà síra, wọ́n sì lu já. Flange ilé bẹ́ríǹgì, ìyẹn etí ẹ̀ tó tẹ́ tí bóòtù máa dè mọ́ pléètì, nípọn 20 mm, ihò tí bóòtù máa gbà kọjá lára ẹ̀ jẹ́ 10.5 mm. Ẹ fi 10.5 yẹn sọ́kàn. Nínú tábìlì ISO 273, ìlànà àgbáyé lórí ihò bóòtù, ihò tí M10 máa gbà kọjá lè jẹ́ 10.5, ó lè jẹ́ 11, ó lè jẹ́ 12, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tá à ń rí níbí 11 ni wọ́n máa ń lu, tí ọ̀rọ̀ bá le wọ́n á lu 12, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹni tó lu 10.5 ò fún yín láyè eré.

Bí ẹnjiníà ṣe dé orí 0.25 tó kọ sínú dírọ́ìǹgì ò le rárá: ihò flange 10.5, bóòtù 10, ó ṣẹ́ ku 0.5, ẹ pín in sí méjì, pléètì mú 0.25, flange mú 0.25. Ọ̀pọ̀ tọ́nà máa rí 0.25 wọ́n á rò pé ihò lè sún 0.25 sọ́tùn-ún, kó tún sún 0.25 sósì. Rárá o. Ìdábùú òbìrí kékeré kan ni, inú ẹ̀ ni àárín ihò gbọ́dọ̀ wà, tó túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju 0.125 lọ kúrò níbi tí wọ́n ní kó wà, ibi yòówù kó yẹ̀ sí. Bébà A4 kan ṣoṣo nípọn tó bíi 0.1. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Wọ́n gbé pléètì dórí ẹ̀rọ, wọ́n ki flange bọ̀ ọ́, bóòtù mẹ́rin wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n fọwọ́ yí i títí dé ìdí. Méjì tó kù, èyí tó wà ní ihò karùn-ún àti ìkẹfà, ẹnu wọn máa mú tírẹ́ẹ̀dì, á yí díẹ̀, á wá há mọ́ ara ihò flange, tẹ́ ẹ bá fi sípánà fipá mú un ẹ máa gbọ́ tó ń dún. Wọ́n yí flange sọ́nà míì, ihò karùn-ún àti ìkẹfà náà ló tún kọ̀, ìyẹn jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe flange. Ẹnjiníà gbé pléètì padà fún Bàbá, Bàbá ní iṣẹ́ òun dáa, ẹnjiníà lóun ò ní sanwó tó kù, ẹnì kan láàárín wọn wá ní kí wọ́n gbé e wá bá mi torí iṣẹ́ ká wọn nǹkan ni mò ń ṣe, èmi ò ṣe fún oníṣẹ́, èmi ò ṣe fún oníbàárà.

Ẹ̀rí mẹ́ta ló wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń ta ko ara wọn. Bàbá ti fi vernier, irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, wọn gbogbo ẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló dáa. “Sebí mo wọ̀n ọ́n lójú ẹ̀! Láti ihò sí ihò, 80 géérégé, kò yẹ̀ rárá!” Ẹnjiníà ní tiẹ̀ ti gbé e lọ síbi kan l'Ékòó tí wọ́n ti ní CMM, bébà tí wọ́n fún un ní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bàjẹ́, òmíràn yẹ̀ 0.2, òmíràn yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sí kọ̀rọ̀, kálukú kọjú síbi tó wù ú. Bóòtù ní tiwọn ní mẹ́rin dáa, méjì ò dáa.

Èmi gba bóòtù gbọ́. Tí bébà bá ní ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bàjẹ́, tí bóòtù mẹ́rin sì wọlé láìsí wàhálà, bébà yẹn ló lẹ́jọ́ láti rò.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo gbé pléètì sórí tábìlì òkúta mi, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ni wọ́n gbé e sí wá nínú oòrùn ọ̀sán, ó gbóná débi pé ẹ ò lè gbọ́wọ́ lé e pẹ́. 20 dígírì ni gbogbo ayé fi ń wọn irin, n'Íbàdàn níbí yàrá mi ò lè dé 20 àfi tí mo bá fẹ́ lu owó iná pa ara mi, àmọ́ irin ni pléètì, irin ni slip gauge mi náà, àwọn búlọ́ọ̀kù tí mo fi ń ṣe òdiwọ̀n, tí ooru ara wọn bá ti dọ́gba wọ́n á jọ fẹ̀ ni, ẹ̀dá wọn kan náà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ọ̀kan gbóná kí ọ̀kan tutù. Irin tó gùn 160 mm tó fi dígírì 25 gbóná ju èyí tẹ́ ẹ fi ń wọ̀n ọ́n, á fi bíi 0.05 mm gùn sí i, ẹ wò ó bó ṣe ti jẹ lára 0.125 yẹn. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù ni, ẹ lọ́po ẹ̀ sí méjì.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó lórí ihò tírẹ́ẹ̀dì fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ṣìnà. Ihò lásán tara ẹ̀ dán, ibi yòówù tẹ́ ẹ bá kàn nínú ẹ̀, àárín kan náà ló máa tọ́ka sí. Ihò tírẹ́ẹ̀dì ò ní ara kan tó dán. M10 tí pitch ẹ̀, àlàfo láti ṣonṣo tírẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì, jẹ́ 1.5, ṣonṣo tírẹ́ẹ̀dì tó yọ sínú, ìdábùú ẹ̀ nínú ìwé jẹ́ 8.376, ìsàlẹ̀ kòtò ẹ̀ jẹ́ 10, ìdábùú pitch tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 9.026. Ṣonṣo yẹn dírílì ló ṣe é, ìyókù tápù, irinṣẹ́ tó ń gé tírẹ́ẹ̀dì sínú ihò, ló gé e. Ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì lè má gba ojú ọ̀nà kan náà. Èwo wá ni àárín ihò? ASME Y14.5, ìlànà dírọ́ìǹgì ti Amẹ́ríkà, sọ ọ́, ISO ti àgbáyé náà sọ ọ́, pé tí dírọ́ìǹgì ò bá kọ nǹkan míì, àárín pitch ni wọ́n ń sọ, torí ẹ̀gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì ni bóòtù máa ń fara tì tẹ́ ẹ bá dè é, kò ráyè ti ṣonṣo.

Vernier Bàbá ńkọ́? Ẹnu ihò ni Bàbá fi ẹnu vernier sí. Ẹnu ihò yẹn, wọ́n ti fi dírílì ńlá fá a kó má baà ní eteetí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi di dírílì yẹn mú, ibi tó wù ú ló fá sí. Ìyẹn nìkan kọ́, tírẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ yíká lẹ́ẹ̀kan náà, apá kan á ti ní ṣonṣo, apá kejì ò tíì ní, ẹnu vernier tó mú bí ọ̀bẹ lè bọ́ sínú kòtò lápá kan kó gun orí ṣonṣo lápá kejì, jíjìn kòtò M10 sì ju 0.8 lọ nínú ìwé. Bàbá fi vernier rí 80 géérégé torí 80 ló ń wá. Mo sọ ọ́ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ bú mi,” àmọ́ ó rẹ́rìn-ín.

Ó tún ní òun fi bóòtù sí gbogbo ihò, òun wọn láti ara bóòtù kan dé èkejì. Àwọn èèyàn fẹ́ràn èyí gan-an, ó dà bíi pé ó mọ́gbọ́n wá. Ẹ wo nọ́ńbà o. Ihò M10 6H (6H àti 6g ni ààyè tí ìwé gbà fún tírẹ́ẹ̀dì ihò àti ti bóòtù), ìdábùú pitch ẹ̀ lè wà láti 9.026 dé 9.206. Bóòtù 6g tẹ́ ẹ rà ní Gate, tó bá tiẹ̀ bá ìwé mu, ti ẹ̀ lè wà láti 8.862 dé 8.994. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn, bóòtù tó dáa nínú ihò tó dáa lè mì tó 0.344. Ẹ fẹ́ fi nǹkan tó ń mì 0.344 wá ohun tí gbogbo ààyè ẹ̀ jẹ́ 0.25, báwo nìyẹn ṣe fẹ́ ṣeé ṣe? Ara bóòtù òde yẹn náà ò sì fìgbà gbogbo wà láàárín pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀.

Ti CMM ló dùn mọ́ mi jù torí ẹnjiníà gbára lé e, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ló wọ̀n ọ́n, kì í ṣe èèyàn.” Mo ní kó fún mi ní bébà yẹn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bọ́ọ̀lù 1 mm ni wọ́n lò lẹ́nu abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, ibi mẹ́rin ni wọ́n kàn nínú ihò kọ̀ọ̀kan, jíjìn kan náà. Bí wọ́n ṣe máa wọn ihò lásán gẹ́lẹ́ ni. Tírẹ́ẹ̀dì M10 ń fi 1.5 mm sọ̀ kalẹ̀ tó bá yí ẹ̀ẹ̀kan, tó bá fi máa yí dé òdìkejì ó ti sọ̀ kalẹ̀ 0.75, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé níbi tẹ́ ẹ ti rí ṣonṣo lápá ọ̀tún, kòtò lẹ máa bá lápá òsì ní jíjìn kan náà. Mo jókòó ṣírò ẹ̀. Nínú ihò tí wọ́n fi dírílì 8.5 lu kí tápù tó wọ̀ ọ́, bọ́ọ̀lù 1 mm máa rì sínú kòtò tó bíi 0.4 kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó dá a dúró. Ó gun ṣonṣo lápá kan, ó rì 0.4 lápá kejì, kọ̀ǹpútà á pín in sí méjì á ní àárín ti yẹ̀ 0.2, tẹ́ ẹ bá wá kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí position, ìyẹn ìlọ́po méjì bó ṣe yẹ̀, á di 0.4. Ihò tó dáa jù láyé, á pè é ní ihò bàjẹ́! Ibi tó máa ní ó yẹ̀ sí wà lọ́wọ́ ibi tí tápù ti kọ́kọ́ gé irin jẹ, kò sẹ́ni tó ń wo ìyẹn nígbà tó bá ń tápù, ìdí nìyẹn tí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi kọjú sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí bébà.

CMM ò ṣẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ pitch sí, tẹ́ ẹ bá tẹ 1.5 sí i, tẹ́ ẹ ní kó kan ibi mẹ́rin ní ìyípo kan, abẹ́rẹ́ ẹ̀ máa fi 0.375 sọ̀ kalẹ̀ láti ibì kan dé èkejì, á bá tírẹ́ẹ̀dì rìn, gbogbo ibi tó bá kàn á jẹ́ ibì kan náà lára tírẹ́ẹ̀dì, àárín tó máa jáde á jẹ́ àárín gidi. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì ló gbàgbé. Àwọn kan máa ń lo bọ́ọ̀lù tó tóbi kó má baà ráyè wọ kòtò, kó kàn máa gun orí ṣonṣo, ìyẹn náà dín àṣìṣe kù, àmọ́ ẹ ti padà sórí dírílì nìyẹn, ẹ ò wọn tápù.

Mo kọ́kọ́ ṣe èyí tó rọrùn. Mo ki pin tó wọ̀ ọ́ déédéé, bíi 8.5, bọnú ihò kọ̀ọ̀kan, mo wọ̀n ọ́n. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáa! Ihò karùn-ún àti ìkẹfà pàápàá wà nínú 0.25, tókè tilẹ̀. Bàbá ti ń di irinṣẹ́ ẹ̀. Mo ní kó dúró ná, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò karùn-ún, mo pe ẹnjiníà pé kó wá wo nǹkan. Lápá kan nínú ihò, orí ṣonṣo tírẹ́ẹ̀dì fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán, àmì dírílì ṣì wà lórí ẹ̀. Ní òdìkejì, ṣonṣo yẹn mú ṣóńṣó bíi pé wọ́n pọ́n ọn. Tó bá sì jìn sísàlẹ̀, apá tó fẹ̀ àti apá tó mú á pààrọ̀ ara wọn. Ihò kìíní ò rí bẹ́ẹ̀, yíká yíká ló dọ́gba. Dírílì lọ tààrà nínú ihò karùn-ún, tápù ló fì. Pin kàn ń sọ ibi tí dírílì gbà ni, ó sì ń sọ òótọ́.

Ohun tó kù ni ká fi nǹkan mú tírẹ́ẹ̀dì fúnra ẹ̀. Ní òkè òkun wọ́n ń ta gééjì tó ní tírẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀ tó ní òpó tó dán lókè, tí wọ́n ṣe kí méjèèjì lè wà láàárín kan náà. Èmi ò ní, ṣọ́ọ̀bù Bàbá la ti ṣe tiwa. Bàbá fúnra ẹ̀ ló ṣe é o, mo kàn dúró tì í ni, ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà, ọwọ́ bàbá yẹn lórí lẹ́ẹ̀tì, kò wọ́pọ̀ mọ́. Ó so irin sáàárín ṣonṣo méjì lẹ́ẹ̀tì, ó gé òpó, ó gé tírẹ́ẹ̀dì, kò tú u sílẹ̀ láàárín, torí tẹ́ ẹ bá tú u tẹ́ ẹ tún so ó, àárín méjèèjì ti pínyà. Ó ṣe bíi mélòó kan tí ìdábùú pitch wọn ń fi ìwọ̀n tíńtín ju ara wọn lọ, a ń fi wọ́n sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi rí èyí tó fún, tọ́wọ́ ṣì lè yí, tí kò mì rárá. Ohun tó ń pa ààyè 0.344 yẹn nìyẹn. Èkejì, a ò jẹ́ kó ní èjìká tó máa jókòó sójú pléètì. Tó bá ní èjìká, tẹ́ ẹ yí i kan ojú pléètì, ojú pléètì lá máa tò ó sọ́nà, á dúró ṣánṣán lórí ihò tó fì, á parọ́ fún yín láì ṣẹ́jú.

Wíwọ̀n ẹ̀ wá lọ báyìí. Ojú pléètì tí flange máa jókòó lé ni a fi ti irin onígun tó dúró ṣánṣán lórí tábìlì òkúta, torí ojú yẹn àti ihò ńlá àárín ni dírọ́ìǹgì ní ká máa wọ̀n láti ara ẹ̀, kì í ṣe etí pléètì tí wọ́n fi gáàsì gé. A wá gíga àárín ihò ńlá, a wá fi dial gauge (aago tó ń fi ìyàtọ̀ tíńtín hàn) tó wà lórí height gauge (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn gíga) kan orí òpó kọ̀ọ̀kan, a fi slip gauge ṣe àfiwé, a yọ ìdajì ìdábùú òpó kúrò. Ibi méjì la ti kan òpó kọ̀ọ̀kan: lẹ́bàá ojú pléètì, àti ní 20 mm síta, torí 20 ni flange nípọn, ibẹ̀ ni bóòtù máa ti jáde síta. Lẹ́yìn ìyẹn a yí òpó ní ìdajì ìyípo, a tún kà á, a pín méjèèjì, kí òpó tó bá fì díẹ̀ má baà dá ihò lẹ́bi. A wá da pléètì dé ẹ̀gbẹ́, 90 dígírì, a tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tó ń súni ni, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín.

Ihò kìíní sí ìkẹrin, nísàlẹ̀ àti lókè, wọ́n wà nínú 0.25 dáadáa. Ihò karùn-ún, lẹ́bàá ojú pléètì, ó yẹ̀ 0.03 sọ́tùn-ún, 0.04 sísàlẹ̀. Ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara ẹ̀, ẹ ró wọn pọ̀, ẹ wá square root ẹ̀, ẹ lọ́po ẹ̀ sí méjì: 0.10, kò sí ẹjọ́. Ní 20 mm síta ó ti di 0.14 sọ́tùn-ún, 0.19 sísàlẹ̀, position 0.47. Ihò kẹfà, 0.11 lójú pléètì, 0.43 níta, apá kan náà ló fì sí. Ẹ wá fojú inú wo bóòtù tí àárín ẹ̀ ti yẹ̀ tó bíi 0.24 níbi tó ti fẹ́ jáde, nínú ihò tó jẹ́ pé 0.25 péré ló fi jù ú yíká, flange náà sì ti jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ṣé kò ní há?

Gbogbo fífì yẹn ò ju bí ìdajì dígírì lọ. Ojú ò lè rí i. Vernier lẹ́nu ihò ò lè rí i títí ayé, torí lẹ́nu ihò kò sí nǹkan tó ṣe é.

Mo bi ọmọ-iṣẹ́ pé báwo ló ṣe tápù wọn. Ó wo ojú Bàbá ná. Bàbá ní, “Sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ pa ẹ́?” Ó ní orí ẹ̀rọ dírílì lòun ti tápù mẹ́rin àkọ́kọ́, òun fi ṣonṣo sẹ́nu dírílì kó máa ti ẹ̀yìn tápù, kí tápù má baà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́. Ni wọ́n bá mú iná lọ. Wọ́n ò tan jẹnẹrétọ̀ torí ihò méjì ló kù, ta ló máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀ torí ihò méjì, ó wá gbé pléètì sínú fáìsì, ó fi ọwọ́ tápù méjì tó kù. Mo ní kó dì í sí fáìsì bó ṣe dì í lọ́jọ́ náà kó dúró síbi tó dúró sí. Ó dúró. Fífì ihò méjèèjì kọjú sí ikùn ẹ̀ tààrà, torí ìgbà tó ń tẹ ọwọ́ tápù, ó ń fà á sọ́dọ̀ ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò mọ̀. Mi ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi nà án. Tápù tí kò sí nǹkan kan tó tì í lẹ́yìn, ọwọ́ ẹni yòówù ló máa fà á.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ọmọ Bàbá tó ṣe HND ní Póòlì wà níbẹ̀, ó gbé dírọ́ìǹgì wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ò kọ P inú òbìrí síbí.” Òótọ́ ló sọ, ọmọ yẹn gbọ́n. P inú òbìrí, Ⓟ, òun ni àmì tó ń sọ pé ààyè 0.25 ò mọ sínú pléètì nìkan, ó yọ jáde síta tó gíga tí wọ́n kọ sí i, 20 níbí, níbi tí bóòtù máa wà. Láìsí i, inú pléètì nìkan ni òfin wọn dé. Ó wá ní níta ni ihò ti yẹ̀, dírọ́ìǹgì ò sì ní kí wọ́n wo ìta. Ẹnjiníà dákẹ́, torí òun ló ya dírọ́ìǹgì.

Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo inú pléètì nígbà náà. Ohun tó fì sọ́tùn-ún lókè, sósì ló máa lọ nísàlẹ̀. Pléètì nípọn 25. Mo fà á gùn lórí bébà: ihò karùn-ún máa jẹ́ 0.37 lójú kejì, ìkẹfà 0.46. Bébà nìyẹn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀ a dojú pléètì dé, a ti ẹ̀yìn ki òpó sí i, a wọ̀n ọ́n: 0.35 àti 0.44. Méjèèjì ti ju 0.25 lọ nínú pléètì, P wà o, P ò sí o. Ọmọ Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Bàbá gbà láti fi owó ara ẹ̀ tún un ṣe, owó CMM sì jẹ́ ti ẹnjiníà, kò bá ẹnikẹ́ni fa á.

Títún un ṣe, ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n lu ihò flange dé 11, ọ̀rọ̀ tán. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, 11 yọ 10 pín sí méjì, 0.5, 0.47 àti 0.43 wọ inú ẹ̀, bóòtù máa wọlé lóòótọ́. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i. Bóòtù tó fì ìdajì dígírì, etí orí ẹ̀ kan ṣoṣo ló máa kan flange, tí wọ́n bá fún un pa, ẹ̀gbẹ́ kan lára ọrùn ẹ̀ ló máa gbé gbogbo ìnira, ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo sì ń gbọ̀n látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bóòtù yẹn á ṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹlòmíì ní kí wọ́n lu ihò mẹ́fà tuntun láàárín àwọn ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn dáa, èmi náà fẹ́ ẹ, àmọ́ ẹnjiníà ní tí flange bá yí 30 dígírì, ẹnu tí wọ́n ń fún gíríìsì sí á lọ sẹ́yìn ààbò ẹ̀rọ, àwọn òṣìṣẹ́ ò ní fún un ní gíríìsì mọ́ láé. Ó mọ àwọn èèyàn ẹ̀.

Wọ́n gbé pléètì lọ sórí mílíǹgì, wọ́n fi boring head, ọ̀bẹ tó ń yí po láti fẹ ihò, gbẹ́ ihò karùn-ún àti ìkẹfà dé 14 ní àárín tó yẹ kí wọ́n wà, wọn ò lo dírílì torí dírílì máa tẹ̀lé ihò tó ti fì, 14 sì tó láti gé gbogbo àmì tírẹ́ẹ̀dì àtijọ́ dànù. Wọ́n tápù ẹ̀ M16, tápù wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, iná sì wà. Bàbá gé búṣì méjì lórí lẹ́ẹ̀tì, M16 níta, M10 nínú, láì tú u sílẹ̀, wọ́n fi gúlù tírẹ́ẹ̀dì tì í wọlé, wọ́n fá ojú ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú pléètì. Mo tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú òpó yẹn kan náà ní 20 mm síta: 0.09 àti 0.13. Bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fọwọ́ wọlé.

Ẹnjiníà ti kọ Ⓟ 20 sórí dírọ́ìǹgì ẹ̀ báyìí. Bàbá gbẹ́ irin kan tó nípọn tó 40 mm, ó lu ihò ṣánṣán sí i tí tápù M10 máa gba inú ẹ̀ kọjá, wọ́n á fi kílááǹpù dè é mọ́ iṣẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí iṣẹ́ ò sì lè dúró. Àwọn òpó tá a ṣe wà lọ́dọ̀ ẹ̀ nínú páálí pẹ̀lú àkísà tó lépo, ó sì ti ní kí n wá dúró ti òun ká ṣe ti M8 àti M12, ti M8 pitch 1.25, ti M12 1.75. Mo ní èmi ò ní gba owó lórí ẹ̀, kó ṣá fún mi ní M10 kan níbẹ̀ kí n máa mú lọ sílé. Ó ní èyí tó fún jù lọ lòun máa fún mi, kí n máa fi ìyẹn yọ ara mi lẹ́nu.